Ewé Inú Ọgbà, Ẹ̀bùn Ọwọ́ Ẹni: Ìfiwéra Fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yàn

Ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Òkè-Àdó tàbí ní Apẹ̀tẹ̀, ni ẹ ó ti rí ìdì koríko ọba kan létí kànga, efinrin méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìdáná, àti igi dóńgóyárò tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tí ó gbìn ín mọ́. Àwọn ewé wọ̀nyí ni à ń já sí ọbẹ̀, tí à ń sè nígbà tí ibà bá dé, tí a sì ń jẹ́ kí ìyókù rọ dànù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn fún ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àwọn àgbà àti ìparí ọdún, ohun tí mo sì ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe bí a ti ń ṣe ẹ̀bùn náà ni ó ń da ènìyàn láàmú, bí kò ṣe èyí tí ó yẹ kí a yàn fún ẹni tí a ní lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhìn-ín.

Ohun méjì ni mo fi ń díwọ̀n ẹ̀bùn ewé kí n tó yàn án. Èkíní ni omi. Ewé tútù kún fún omi, ibi tí omi bá sì wà ni nǹkan ti ń bu, tí ó sì ń kan, nítorí náà bí ẹ̀bùn kan bá ti ní omi nínú tó ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe kúrú tó. Èkejì ni iyèméjì. Ní ilẹ̀ wa, ewé kì í ṣe ewé lásán. À ń jẹ ẹ́, à ń fi í wo àìsàn, à ń fi akòko jẹ oyè, a sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi í ṣe ohun tí wọn kì í sọ síta. Ẹni tí a bá gbé ìyẹ̀fun tàbí ọṣẹ tí kò ní orúkọ lé lọ́wọ́ yóò dúpẹ́, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ láì fọwọ́ kàn án mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ̀bùn ewé tí ó dára ni èyí tí ẹni tí ó gbà á lè fi imú ara rẹ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì lè lò ó tán kí ó tó bàjẹ́.

Tíì koríko ọba àti òrí tí ewé ti wọ̀ lára

Àwọn méjèèjì yìí ni ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì, ni ó rọrùn jù lọ láti ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n. A ó gé e ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbọn omi rẹ̀ dànù, a ó dì í ní ìdì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ràn sí i. Ẹ rọra dì í mú, nítorí etí ewé náà mú bí abẹ. Àwọn kan máa ń sá a sínú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ, ṣùgbọ́n òróró tí ó ń ta sánsán nínú ewé náà a máa bá ooru lọ, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù kò ní yàtọ̀ sí koríko tí a fi ń bo ebè. Ní àkókò ọyẹ́, nínú oṣù Kejìlá àti Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ márùn-ún tó fún mi. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, ọjọ́ mẹ́wàá lè pé kí ó má tíì gbẹ. Bí a ó ṣe mọ̀ ni pé kí a fi ìka méjì tẹ ewé kan: bí ó bá dá pákà, ó ti gbẹ, bí ó bá tẹ̀ bí okùn, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe kó o sínú ìgò. Ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ pọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo sì máa ń dà bo àwọn ìdì náà.

Lẹ́yìn èyí ni a ó gé e wẹ́wẹ́, tí a ó sì pò ó mọ́ ohun tí a bá fẹ́. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni ife mẹ́ta koríko ọba, ife kan ìṣápá pupa tí a ń fi ṣe sobo, àti ṣíbí kékeré méjì ata-ilẹ̀ gbígbẹ. Ìṣápá náà ni ó ń fún tíì ní àwọ̀ pupa tí ó wu ojú, ṣùgbọ́n ó lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà, bí ẹni tí a fẹ́ fún bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí ó bá lóyún, ẹ yọ ìṣápá kúrò kí ẹ sì fi koríko ọba àti ata-ilẹ̀ nìkan sílẹ̀. Nínú ìgò tí ó gbẹ tí ìdérí rẹ̀ sì le, tí a kò gbé síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, tíì yìí a máa lo oṣù mẹ́fà kí òórùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Òrí ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa omi. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo já efinrin tútù yọ̀yọ̀, mo gún un kúnná, mo sì pò ó mọ́ òrí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Àwọ̀ rẹ̀ dára, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń wé aṣọ mọ́ ìdérí ìgò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ kí wọn nílé. Wọ́n gbé ìgò náà jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ṣí i níwájú mi. Ohun funfun bí òwú ti bo ojú òrí náà, etí rẹ̀ ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì ti di ti ẹ̀fọ́ tí ó sùn mọ́jú nínú omi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ti rò pé bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, mo sì ti ń fi pa orúnkún.” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn. Títí di òní ni ó ń dùn mí pé wọ́n ń fi ohun tí ó ti bu para kí ó má bàa dà bí ẹni pé wọ́n kọ ẹ̀bùn mi.

Bí ó ti yẹ kí n ṣe é ni pé kí efinrin náà kọ́kọ́ gbẹ pátápátá bíi ti koríko ọba. A ó wá rẹ ewé gbígbẹ náà sínú òróró àgbọn, a ó gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi gbígbóná fún wákàtí kan lórí iná tí kò le, a ó sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì títí tí kò fi ní sí ègé ewé kankan nínú rẹ̀ mọ́. Òróró yìí ni a ó pò mọ́ òrí. Ẹ má gbàgbé pé òrí kò nílò ju ooru ara ènìyàn lọ kí ó tó yọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sán Ìbàdàn nínú oṣù Kejì àti Kẹta lè dé ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ìgò òrí tí a bá fi sínú ọkọ̀ láti Mókọ́lá dé Challenge lè di omi kí a tó dé òde àríyá. Ìda oyin ni oògùn rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ kí ó tó yọ́. Bí a bá fi ìdá kan ìda oyin sí ìdá mẹ́rin òrí, ìpara náà yóò dúró gírí nínú ooru, yóò sì ṣì rọ̀ lábẹ́ ìka. Òrí tí ó dára pọ̀ ní ọjà Bódìjà àti ní Sábo, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí àti Kìṣí níbi tí igi rẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀.

Tí a bá fi méjèèjì wéra, tíì kò ná ènìyàn ní nǹkan kan ju owó ìgò lọ, a sì lè ṣe ogún rẹ̀ ní ọ̀sán kan bí ewé bá ti gbẹ sílẹ̀. Òrí wọ́n jù ú lọ, ó gba ìfarabalẹ̀, ìgò mẹ́fà tàbí méje ni mo sì máa ń rí ṣe kí ó tó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí ọyẹ́ ń la ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò ní fún un ní tíì. Òrí ni yóò lò tán, tí yóò sì tún béèrè.

Ọṣẹ dúdú

Nínú gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyí, ọṣẹ dúdú ni ó ti pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, òun náà sì ni ó nílò ọgbọ́n jù lọ. Omi eérú èèpo kókó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni à ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí tí yóò fi di ọṣẹ. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú nítorí ẹ̀bùn, torí pé omi eérú tí ó le a máa bó ènìyàn lára, ó sì léwu fún ojú. Ẹ ra ọṣẹ tí a kò fi nǹkan kan sí ní Ọjà Ọba tàbí ní Bódìjà, kí ẹ wá gún ewé dóńgóyárò tí ó ti gbẹ tí ẹ sì ti kù mọ́ ọn nínú odó, pẹ̀lú oyin díẹ̀ àti òrí díẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹ ó ti rí ọṣẹ tí ó tó ènìyàn mẹ́wàá, owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdajì owó òrí.

Ní ti omi, ọṣẹ dúdú kì í bu bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ní àkókò òjò, èyí tí a fi sílẹ̀ láì wé yóò rọ̀, yóò sì máa sun omi sórí àwo. Ọ̀rá ni kí a fi wé e dáadáa, lẹ́yìn náà kí a wá fi ewé gbígbẹ tàbí aṣọ wé òde rẹ̀ fún ẹwà.

Ní ti iyèméjì ni wàhálà rẹ̀ wà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọṣẹ dúdú ni a ń gún àwúre mọ́, nítorí náà, ẹni tí a bá gbé e fún lójijì, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹni ọ̀nà jíjìn tàbí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí a gún mọ́ ọn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ níwájú ẹni náà, tí n ó sì fi fọ ọwọ́ ara mi lójú rẹ̀. Mo rí i pé ó ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ ju àlàyé lọ. Síbẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan ni mo ń fún ní ọṣẹ. Àwọn yòókù, tíì ni. Ẹ má sì fún ìyá ọmọ tuntun pé kí ó fi wẹ ọmọ, nítorí ó le jù fún awọ ara wọn.

Àpò olóòórùn fún àpótí aṣọ

Èyí ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù lọ, mo sì gbà pé kò tíì gbajúmọ̀ tó bí ó ti yẹ. Àpò kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, tí a fi ègé aṣọ tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ rán, tí a sì kó ewé gbígbẹ sí nínú. Bí ẹ bá rí ègé àdìrẹ, pàápàá ti Ìbàdàndùn, àpẹẹrẹ tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá gbà á níbikíbi yóò mọ ìlú tí ẹ̀bùn náà ti wá.

Ewé méjì ni ó yẹ kí a fi wéra níhìn-ín. Koríko ọba ń ta sánsán, ẹ̀fọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ, àfi kí a fi ọwọ́ tẹ àpò náà kí ó tún rú sókè. Dóńgóyárò kò ní òórùn tí ó wu imú, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Òun ni àwọn àgbẹ̀ ń pò mọ́ ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nítorí náà, fún ilé ìdáná, dóńgóyárò nìkan. Fún àpótí aṣọ òkè tí ìyàwó tuntun rà ní Ọjẹ́, mo máa ń fi ìdá méjì koríko ọba sí ìdá kan dóńgóyárò. N kò ní tan yín jẹ pé ó lágbára tó káńfọ̀ láti pa kòkòrò aṣọ. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn káńfọ̀ yẹn gan-an ni ó mú kí n máa fi àpò yìí ṣe ẹ̀bùn fún aboyún, láì dúró de ìkómọjáde. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń ju káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tí a kò tíì bí, àwọn dókítà sì ti ń pariwo pẹ́ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láì ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ara àti ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, bí a kò bá sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. A kì í fi ojú mọ ọmọ tí ó ní i. Àpò koríko ọba gbígbẹ tí a fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, láì jẹ́ kí ó kan ara ọmọ, ni mo máa ń fún aboyún kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, kí ó tó ra káńfọ̀ rárá. Ẹ fọ̀rọ̀ náà tó o létí nígbà tí ẹ bá ń fún un, nítorí àpò láì sí ọ̀rọ̀ kò ní dá a dúró.

Ewéko alààyè nínú ìkòkò

Bí iyèméjì bá jẹ́ ìṣòro yín, efinrin tí ó ń hù nínú ìkòkò ni ìdáhùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ kejì sì ń dúró dè é. A lè gé ẹ̀ka efinrin kí a rì í bọ ilẹ̀ tútù, a sì lè ya koríko ọba láti ìdí rẹ̀ kí a tún un gbìn. Koríko ọba kì í sábà kú bí a bá ń bomi rin ín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ẹ̀bùn kí ó lè ta gbòǹgbò dáadáa. Agolo mílíìkì ńlá tí a lu ihò sí nídìí tó. Ẹni tí kò bá ní ọgbà tirẹ̀ lè ra irúgbìn lọ́wọ́ àwọn olódòdó, tàbí kí ó béèrè ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn NIHORT tí ó wà ní Ìdí-Ìṣin láti ọdún 1975.

Ẹ̀bùn yìí kò yẹ arìnrìn-àjò, kò sì yẹ ẹni tí kì í gbélé. Ṣùgbọ́n fún olùkọ́ ọmọ yín, fún aládùúgbò tuntun, fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé sí Akóbọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lásán, n kò mọ èyí tí ó dára jù ú lọ.

Èyí tí n kò ní gbà yín níyànjú

Òróró oúnjẹ tí a rẹ ewé tútù, ata àti áyù sí nínú ìgò wu ojú púpọ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi fọ́tò rẹ̀ hàn káàkiri. Ẹ fi í sílẹ̀. Ewé tútù àti áyù lè gbé kòkòrò àìfojúrí kan wọlé, tí ó ń dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Abẹ́ òróró gan-an ni ibùgbé rẹ̀, májèlé rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní adùn, ó sì lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dandan, ewé tí ó gbẹ pátápátá nìkan ni kí ẹ lò. Bákan náà, oyin tí a rẹ ewé sí dára fún àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Ọ̀nà tí ẹ̀bùn yóò rìn àti ìwé tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn

Bí ẹ̀bùn kò bá ní kúrò ní Ìbàdàn, ẹ yàn bí ó ti wù yín. Bí ó bá ń lọ sí Èkó nínú ọkọ̀ èrò, tíì àti àpò ni kò ní bàjẹ́. Òrí tí ó ní ìda oyin lè dé, ewéko yóò rọ. Bí ó bá ń lọ sí òkè òkun, ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ń gba ewé gbígbẹ àti irúgbìn lọ́wọ́ ènìyàn, ewéko alààyè sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí i, NAQS. Òrí tí a sẹ́ dáadáa, tí kò ní ègé ewé nínú, ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tí ó wà ní Kánádà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín pé òun fẹ́ máa rà á, ẹ rántí pé títà kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Ìpara, ọṣẹ àti tíì tí a ń tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.

Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn. Lórí tèmi, mo máa ń kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan ní èdè wa, ọjọ́ tí mo ṣe é, bí a ó ṣe lò ó, ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó, àti oṣù tí ó yẹ kí a dà á nù. Ìgò tí mo fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí tí ó bu, ìwé rẹ̀ kà báyìí: “Efinrin gbígbẹ, òróró àgbọn, òrí, ìda oyin. Oṣù Kọkànlá. Ẹ fi pa orúnkún ní alẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun lójú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ Màmá, ẹ pè mí, ẹ má pa á.”